Ìbọn Wo Ló Yẹ Ilé? Lámèyítọ́ Òfin Ìbọn Ọdún 1959

Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí ìjọba pa á láṣẹ pé kónílé ó gbélé nítorí àrùn Kòrónà, oorun di ohun ọ̀wọ́n ní àdúgbò wa ní Òkè-Odò, ní Èkó. Ariwo ti gba ìgboro pé àwọn ọmọ ìta tí wọ́n ń pè ní One Million Boys àti àwọn Awawa ń bọ̀ wá kó wa nílé. Láti Agége dé Abúlé Ẹ̀gbá, títí wọ Ṣàngó ní ìpínlẹ̀ Ògùn, lándílọ́ọ̀dù àti ayálégbé jọ dáná sun táyà lójú títì, wọ́n mú igi àti àdá, wọ́n sì jókòó ti iná títí ilẹ̀ fi mọ́.

Bàbá ọdẹ kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún wà lára àwa tí a jókòó ti iná tiwa, ó gbé ṣakabùlà rẹ̀ lé itan. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó fẹ́ kì í, mo sì ń wò ó. Ó da ẹ̀tù láti inú àdó kékeré sí ẹnu ìbọn, ó fi òwú dí i, ó gbé ọ̀pá ìkìbọn, ó rọra gún un wọlé. Ó kó ọta òjé lé e, ó tún fi òwú dí i, ó tún gún un. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó yọ ìdérí bàbà kékeré kan, ó fi dé ibi tí òòlù ìbọn yóò ti bà. Kí ó tó parí, ẹni tó ń dín àkàrà lè ti kó awo kan kúrò nínú epo.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé nílé kejì sí tèmi wò ó tán, ó ní: "Bàbá, ẹ má bínú o, kí ẹ tó kì í tán, wọ́n á ti kó wa lọ. Pump-action ló yẹ ilé lóde òní. Àbí semi-automatic, tí èèyàn á kàn máa tẹ̀ ẹ́ léraléra." Àwọn kan gbè é lẹ́yìn pé semi-automatic ni. Àwọn mìíràn ní rárá, pump-action ló dára jù, pé dídún rẹ̀ nìkan tó olè lé. Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn. Bàbá jẹ́ kí wọ́n sọ tán, ó wá bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé: "Ọmọ mi, ta ló ń sùn lẹ́yìn ògiri yàrá rẹ?" Ó dáhùn pé ìyá oníbejì ni. Bàbá ní: "Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ ìrònú rẹ."

Ìgbà tí ìlú rọ̀ tán ni mo wá ìwé tó yẹ kí gbogbo wa ti kà kí a tó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn yẹn. Ìwé náà ni Òfin Ìbọn orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1959, ó ku ọdún kan àti oṣù díẹ̀ kí a gba òmìnira. Orí F28 ló wà nínú àkójọ òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2004. A máa ń ṣe lámèyítọ́ ìwé ìtàn àròsọ, ewì, eré orí ìtàgé àti sinimá. Mo gbà pé ó tọ́ kí a máa ṣe ti òfin náà, nítorí pé ènìyàn ló kọ ọ́. Ó ní ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ó ní ohun tó rí kedere, ó sì ní ohun tó gbójú fò. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ṣi ìwé ìtàn kà kò ní ṣẹ̀wọ̀n. Ẹni tó bá ṣi èyí kà lè lo ọdún mẹ́wàá lẹ́wọ̀n.

Bí ìwé náà ṣe to ìbọn

Àtẹ kan tó wà ní ìparí òfin náà ni ọkàn rẹ̀. Apá mẹ́ta ni àtẹ yìí pín ìbọn sí. Apá Kìíní ni àwọn tó jẹ́ èèwọ̀: àgbá ogun, bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò ọta, ìbọn àwọn ọmọ ogun, àti ìbọn ìléwọ́, ì báà jẹ́ tuntun, ì báà jẹ́ ti ayé àtijọ́. Abala kẹta ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní wọn àfi ẹni tí Ààrẹ bá fún ní ìwé àṣẹ. Apá Kejì ni ìbọn tí aráàlú lè ní bí Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá bá fún un ní láísẹ́ǹsì, ìyẹn ìbọn oníkatiríìjì, ìbọn eré ìdárayá, ìbọn afẹ́fẹ́ àti irú wọn. Apá Kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ẹbí rẹ̀ tí a ń ti ẹnu kì.

Gbólóhùn kan ní Apá Kejì ló dá ẹjọ́ tí a ń rò nídìí iná. Ó gba ìbọn oníkatiríìjì láyè, ṣùgbọ́n ó yọ èyí tó ń yìn léraléra fúnra rẹ̀ kúrò, ó yọ èyí tó ń kì ara rẹ̀ kúrò, ó sì yọ èyíkéyìí tó bá ní ohun èlò irin tí ń bá a kì ọta kúrò. Semi-automatic ń kì ara rẹ̀. Pump-action ní irin tí ń bá a kì í. Àwọn méjèèjì bọ́ síta. Ìbọn tí a kò bá sì dárúkọ ní Apá Kejì tàbí Ìkẹta, Apá Kìíní ni ó ń já sí. Ohun tó kù nínú ìbọn oníkatiríìjì fún onílé tó fẹ́ rìn lójú òfin ni ìbọn ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì, tí a ń ṣẹ́ láàárín, tí a ń fi ọwọ́ ki katiríìjì sí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá bi wá ní Òkè-Odò pé èwo ló dára fún ààbò ilé nínú pump-action àti semi-automatic, òfin ti dáhùn kí a tó la ẹnu: kò sí èyí tí ó gbà láyè nínú wọn. Bí ìdáhùn náà bá bọ́gbọ́n mu ni ó kù kí á yẹ̀ wò, a kò sì lè yẹ ẹ́ wò láìmọ ohun tí ìbọn méjèèjì ń ṣe.

Ìbọn méjì, ọlọ́wọ́ kan

Ọkùnrin Amẹ́ríkà kan, John Browning, ọmọ ìpínlẹ̀ Utah, ló lọ́wọ́ nínú ìpilẹ̀ṣẹ̀ àwọn méjèèjì. Òun ló ya iṣẹ́ pump-action tí ilé iṣẹ́ Winchester tà ní ọdún 1897, òun náà ló sì ya Auto-5, semi-automatic oníkatiríìjì tó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní ọdún 1900. Àwọn méjèèjì máa ń ní ọ̀pá kékeré lábẹ́ ọ̀pá ìbọn gangan, níbi tí katiríìjì ń tò sí tẹ̀lé ara wọn. Ọ̀nà tí ọta fi ń kúrò nínú ọ̀pá yẹn bọ́ sí ibi ìyìn ni ìyàtọ̀ wọn.

Bí ẹni tó mú pump-action bá yìn ín tán, òun ni yóò fi ọwọ́ òsì fa ìdìmú tó wà lábẹ́ ọ̀pá sẹ́yìn kí èèpo katiríìjì tó ti yìn tó jáde, yóò sì tì í padà síwájú kí òmíràn tó wọlé. Ti semi-automatic kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ẹ̀tù mú jáde, tàbí agbára tí ìbọn fi ń ta sẹ́yìn, ni yóò bá a ṣe iṣẹ́ yẹn. Ìka nìkan ni ẹni tó mú un ń lò.

Àwọn tó ń gbé pump-action lárugẹ ní ó ń jẹ katiríìjì èyíkéyìí, alágbára àti aláìlágbára, kò sì ń yan oúnjẹ. Òótọ́ ni. Semi-automatic lè kọ katiríìjì tí ẹ̀tù rẹ̀ kò lágbára tó láti ta irin rẹ̀ padà, ó sì fẹ́ kí a máa nù ún dáadáa. Ẹni tó bá mọ bí ìpẹtà ṣe ń jẹ irin ní Èkó nígbà òjò, tó sì mọ eruku ọyẹ́, yóò mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àwọn tó ń gbé semi-automatic lárugẹ ní ọwọ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í fa ìdìmú pump-action dé ibi tó yẹ, èèpo á há sínú rẹ̀, ìbọn á sì di igi lásán. Òótọ́ ni èyí náà.

Ní ti pé dídún pump-action nìkan ń lé olè, mi ò lè fi ọmọ mi ta tẹ́tẹ́ lórí rẹ̀. Adigunjalè ni orúkọ tí èdè wa fún ẹni tó ń bọ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé òun náà ti di ìhámọ́ra kó tó jáde nílé. Bó bá gbọ́ dídún ìbọn nínú òkùnkùn, ó lè sá, ó sì lè jẹ́ pé ohun tó gbọ́ yẹn ni yóò fi mọ ibi tí o dúró sí.

Nígbà tí mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo rí i pé ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni àríyànjiyàn náà dá lé. Ta ni yóò tún ìbọn yìn kíá? Ìbéèrè yẹn bá ẹni tó ń gbé nínú ilé kan ṣoṣo láàárín oko mu. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á mú un wá sí ilé wa. Katiríìjì onínọ́ńbà 12 tí wọ́n fi ọta ńlá kún máa ń ní ọta mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án nínú, tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ní mìlímítà 8. Bí ènìyàn bá yin márùn-ún nínú ìpayà, ọta bí 45 ló ti tú sínú ilé yẹn, gbogbo wọn ló sì gbọ́dọ̀ balẹ̀ síbì kan. Ilẹ̀kùn pákó kò lè dá wọn dúró, gíláàsì fèrèsé kò lè dá wọn dúró, pákó àjà kò lè dá wọn dúró. Nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá tí ọ̀nà àárín ilé pín sí méjì, tí ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn, ta ni yóò sọ pé ìyá oníbejì kò sí lójú ọ̀nà ọta? Èyí ni Bàbá ọdẹ rí nídìí iná tí àwa kò rí. Kò bi ọmọ náà bí ìbọn ṣe ń yá tó. Ohun tó bi í ni ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri.

Ibi tí ìwé náà ti yege

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé òfin náà tọ̀nà lórí ìbọn méjèèjì. Ó kó wọn sínú agbọ̀n kan náà nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń gba àkókò ìrònú lọ́wọ́ ẹni tó ń yìnbọn. Ẹni tó ní ìbọn ẹlẹ́nu méjì ní ẹ̀ẹ̀mejì láti yìn, lẹ́yìn rẹ̀ ó gbọ́dọ̀ dúró, kó ṣẹ́ ẹ, kó yọ, kó kì. Láàárín ìgbà yẹn, ojú lè là, etí lè gbọ́ pé ọmọ ilé ló ń kígbe. Mo mọ̀ pé ẹni tí adigunjalè dúró sí níwájú lè fi ẹ̀mí rẹ̀ san gbèsè ìdádúró yẹn, n kò sì fojú kéré ẹ̀rù rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í ṣe ti ẹnì kan. Ti gbogbo àdúgbò ni.

Mo tún yin ìwé náà nítorí pé ohun tí ojú rí tí ọwọ́ sì bà ni ó fi pín ìbọn. Kò bèèrè bí ìbọn ṣe gbówó tó tàbí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ó bèèrè pé: kí ló ń kì í? Ọlọ́pàá tó wà lójú ọ̀nà lè gbé ìbọn kó dáhùn ìbéèrè yẹn lójú ẹsẹ̀. Òfin tí ẹni tó ń ṣọ́ ọ lè dán wò pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀ ṣòro láti yí po.

Abala keje ni mo fẹ́ràn jù. Níbẹ̀, ìwé náà gbé ojú kúrò lára irin, ó wo ènìyàn. Ó ní a kò gbọdọ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 láṣẹ, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa tó láti lo ìbọn náà, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún tó kọjá. Ọjọ́ orí, làákàyè, ojú, ọtí àti ìbínú: ìbéèrè márùn-ún yìí ni àwọn àgbà ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá ti ń bi ara wọn kí òyìnbó tó kọ òfin kankan. Kò sí olúọdẹ tí yóò gbé ìbọn lé ọ̀mùtí lọ́wọ́. Ó dára pé ìwé àwọn amúnisìn àti ọgbọ́n àwọn ọmọ Ògún pàdé níbẹ̀.

Ibi tó kù sí

Lẹ́yìn ìbéèrè márùn-ún yẹn, mo retí ìkẹfà àti ìkeje, n kò rí wọn níbẹ̀. Ta ló kọ́ ọ bí a ṣe ń lò ó? Níbo lo máa gbé e sí nínú ilé? Kò sí èyíkéyìí nínú wọn lára ohun tí abala náà fi ń yẹ ènìyàn wò. Ẹni tó ti pé ọdún 17, tí orí rẹ̀ pé, tó ríran, tí kì í mutí, tí kò lu ẹnikẹ́ni rí, ti yege, bí kò tilẹ̀ tíì di ìbọn mú rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí àwọn ọmọ ń fi ṣeré ni yóò tọ́jú rẹ̀ sí.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló jẹ́ kí n mọ bí àlàfo yìí ṣe tóbi tó. Ilẹ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni kò wá. Àwa yòókù káṣọ wa, a forí lé ilé. Bàbá ọdẹ kò lọ sílé. Ó gba ọ̀nà ilẹ̀ àbàtà kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́lé sí, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó pariwo kí ọmọdé kankan má bàa wà nítòsí, ó sì yin ìbọn náà sínú ẹrẹ̀. Mo bi í pé: "Bàbá, ẹ̀tù yẹn kì í ṣe owó ni?" Ó ní: "Owó ni. Ṣùgbọ́n ìbọn tí ẹ̀tù wà nínú rẹ̀ kì í wọ abẹ́ òrùlé tí àwọn ọmọ-ọmọ mi wà. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani." Òfin kankan kò ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé tirẹ̀ wà lọ́kàn rẹ̀, ó sì pé ju ti ìjọba lọ níbi kan yìí.

Ó wúlò kí á wo ìlú tí a ti jogún òfin yìí. Lẹ́yìn tí ọkùnrin kan pa ènìyàn púpọ̀ ní Hungerford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1987, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tún òfin ìbọn wọn ṣe ní ọdún 1988. Wọn kò wo pump-action tàbí semi-automatic oníkatiríìjì gẹ́gẹ́ bí ìbọn èèwọ̀ pátápátá. Iye ọta tí ìbọn lè gbà ni wọ́n wò: èyí tí ọ̀pá rẹ̀ kò bá gbà ju katiríìjì méjì lọ wà lábẹ́ ìwé àṣẹ tó rọrùn, èyí tó bá gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ tó le. Lọ́nà méjèèjì, ó di dandan kí wọ́n tọ́jú ìbọn pa mọ́ níbi tí ọwọ́ ẹlòmíràn kò lè dé. Wọn kì í sì í gba ààbò ara ẹni gẹ́gẹ́ bí ìdí tó tó láti fún ènìyàn ní ìbọn. Ìwọ̀n tiwọn yàtọ̀ sí tiwa, n kò sì sọ pé ó dára jù. Ṣùgbọ́n wọ́n rántí àpótí àti kọ́kọ́rọ́. Ìwé tiwa kò fi wọ́n kún ìdánwò rẹ̀.

Àlàfo kejì ni pé òfin náà kò sọ ìgbà tí onílé lè yìnbọn. Inú ìwé mìíràn la ti ń rí i. Abala 33 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 sọ pé a kò ní ka ikú ẹnì kan sí ìrékọjá ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí ìyè bó bá jẹ́ pé agbára tó pọn dandan ni wọ́n lò láti gba ẹlòmíràn lọ́wọ́ ìwà ipá tàbí láti dáàbò bo dúkìá. "Tó pọn dandan" ni ìdè tó wà nínú gbólóhùn náà. Ẹni tó yìnbọn lu olè tó ti ń fo fẹ́ǹsì sá lọ yóò ṣàlàyé bó ṣe pọn dandan níwájú adájọ́. Ẹni tó ń gba láísẹ́ǹsì nílò ìwé méjèèjì pa pọ̀, síbẹ̀ Òfin Ìbọn kò tọ́ka ẹni tó ń kà á sí èkejì.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ èdè. Gẹ̀ẹ́sì àwọn agbẹjọ́rò ni wọ́n fi kọ òfin yìí. Àwọn tí Apá Kẹta kàn jù lọ, ọdẹ àti àgbẹ̀, wà lára àwọn tí èdè yẹn jìnnà sí jù lọ. Bàbá ọdẹ wa kò mọ̀ pé àtẹ kan wà tí wọ́n kọ orúkọ ìbọn rẹ̀ sí. Òfin tó fẹ́ kí a gbọ́ràn sí òun, tí kò sì sọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń bá wí gbọ́, ti gbé ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ jù sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń bèèrè ìbọn

Kò yẹ kí lámèyítọ́ tí kò gbọ́ ti ẹnìkejì dá ẹjọ́. Àwọn tó fẹ́ pump-action nílé wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alimọ́ṣọ́, níbi tí àdúgbò wa wà, òun sì ni ó pọ̀ jù ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹni tó bá ti pe ọlọ́pàá ní aago méjì òru ní Ìkòtún tàbí Ìgàndò mọ bí òru ṣe ń gùn. Èkó ní Neighbourhood Safety Corps láti ọdún 2016, wọ́n ń ṣọ́ àdúgbò, ṣùgbọ́n wọn kì í gbé ìbọn. Ẹni tó ní ìyàwó àti ọmọ bèèrè pé kí ni kí òun fi dúró? Ìbéèrè yẹn ní ọlá.

Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2008, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Heller, pé ẹ̀tọ́ aráàlú ni láti ní ìbọn nílé fún ààbò ara rẹ̀. Àríyànjiyàn pump-action àti semi-automatic, ilẹ̀ yẹn ló ti wá. Ó bá ilẹ̀ yẹn mu láti máa jà á, nítorí pé ẹ̀tọ́ náà wà lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yan irin. Àwa kò ní in. Bí a bá gbé àríyànjiyàn wọn wọ ilé wa, ẹ̀wọ̀n ni a gbé wọlé: ọdún mẹ́wàá ló kéré jù fún ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn Apá Kìíní mọ́ lọ́wọ́ láìní àṣẹ. Bàbá tó ra pump-action láti dáàbò bo ìdílé rẹ̀ lè fi ọdún mẹ́wàá fi ìdílé náà sílẹ̀ láìní alábòójútó, láìsí olè kankan tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn wọn.

Ìjìyà líle yẹn kò sì dí ẹnu ibodè. Ní ọdún 2017 nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Àjọ Aṣọ́bodè gbá pump-action mú ní Èkó: 661 ní oṣù kìíní, 440 ní oṣù karùn-ún, lẹ́yìn náà 1,100 àti 470 ní oṣù kẹsàn-án. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 2,671. Ìbọn tí òfin sọ pé aráàlú kò gbọdọ̀ ní ni ẹnì kan ń fi kọ̀ńtéńà kó wọlé. Mi ò ka èyí sí ẹ̀bi ìwé náà, ẹ̀bi ẹni tó ń ṣọ́ ọ ni. Ṣùgbọ́n òǹkàwé tó jẹ́ olóòótọ́ gbọ́dọ̀ sọ ọ́: ẹni tó ń pa òfin mọ́ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí kò pa á mọ́, ẹni tó ń pa á mọ́ nìkan sì ni àtẹ alápá mẹ́ta yẹn mú lọ́wọ́ dè.

Ìdájọ́

Bí mo bá gbé gbogbo rẹ̀ lé òṣùwọ̀n, mo gbà pé Òfin Ìbọn ọdún 1959 ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ó mọ irin. Ó pín irin lọ́nà tó ṣe é dán wò, ó sì dá pump-action àti semi-automatic dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìdí tó bá ilé onífẹ́ǹsì kan, ìdílé mẹ́wàá mu. Mi ò fẹ́ kí a ṣí ilẹ̀kùn yẹn fún wọn. Ìdajì tó kù ni ti ilé: ẹ̀kọ́ fún ẹni tó ń gba ìbọn, àpótí àti àgádágodo fún ìbọn náà, àlàyé ìgbà tó lè yìn ín, àti ìtumọ̀ òfin sí èdè tí ọdẹ gbọ́. Àwọn aṣòfin lè fi gbogbo rẹ̀ kún un láìfọwọ́ kan àtẹ náà rárá. Ẹ̀kọ́ Bàbá ọdẹ ni, tí a óò kọ sínú ìwé.

Ní ti onílé ní Òkè-Odò tó ń bèèrè lónìí, ìka tó tọ́ símú la fi ń ro imú. Lálẹ́ ọjọ́ tí a jókòó ti iná, kì í ṣe ìbọn Bàbá nìkan la ní. A ní géètì tí a tì ní aago mẹ́sàn-án. A ní fèrè tí a pín láti ojúlé dé ojúlé. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń gbé ní òpópónà wa, mo sì mọ ọmọ ta ni ta ni. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ ibẹ̀.

Ohun kan nínú ìròyìn ọdún 2017 ni kò kúrò lọ́kàn mi. Kọ̀ńtéńà àkọ́kọ́, tí wọ́n dá dúró lọ́nà Mile 2 sí Apápá, ní àpótí 49 tí ìbọn 661 wà nínú wọn. Ilẹ̀kùn irin ni ẹni tó kó wọn wá tò bò wọ́n mọ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí wọn. Ọjà méjì wá láti òkè òkun nínú kọ̀ńtéńà kan ṣoṣo, méjèèjì ni a sì lè tà fún ẹni tí ẹ̀rù olè ń bà. Òfin gba ọ̀kan láyè, ó kọ èkejì. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin ilé kejì bá tún bi mí, èyí tí wọ́n fi bo èkejì ni n ó sọ pé kó rà. Kó gbé e sí ẹnu ọ̀nà, kó sì bá ìyá oníbejì gbé ọ̀kan sí ẹnu ọ̀nà tiwọn náà.